Ara èmi le, ara ìyàwó mi le, ọmọ wá jẹ́ SS: ọ̀rọ̀ tó fo gọ́tà ní pálọ̀ Ìkẹ́rẹ́

"Èmi kì í ṣe SS, ìyàwó mi kì í ṣe SS, ọmọ yìí wá jẹ́ SS, ṣé ẹ ti wá rí i báyìí pé ọmọ mi kọ́."

Ọ̀rọ̀ tí ọkọ àbúrò mi sọ nìyẹn ní pálọ̀ bàbá ẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kìíní ọdún 2024, níwájú ẹbí méjèèjì, tí àbúrò mi jókòó sórí àga onírọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ọmọ oṣù mẹ́wàá wà lórí itan ẹ̀ tó ń fa ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ẹ̀. SS tó ń sọ yìí, jẹnotáìpù, ìyẹn irú ẹ̀jẹ̀, àwọn tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni. Ọkọ yẹn ò pariwo o. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti ro ó fún ọ̀pọ̀ òru tó sì ti rò ó tán. Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ń mi orí, wọ́n ń ṣe "hẹn ẹn", kódà bàbá tiwa náà sorí kọ́, bíi pé ọ̀rọ̀ yẹn ti délé.

Tíṣà màátì ni mí ní iléèwé girama kan l'Ádó-Èkìtì, ọdún kẹrìnlá mi rèé nídìí ẹ̀, mo sì mọ irú iṣẹ́ yẹn dáadáa nínú ìwé àwọn ọmọ, ìlà àkọ́kọ́ dáa, ìlà kejì dáa, ìlà kẹta dáa, tó bá wá di ìlà ìdáhùn ọmọ á kàn gbé nǹkan kan síbẹ̀ tí ò jáde látinú gbogbo ohun tó wà lókè. Mo máa ń fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé "báwo lo ṣe débí?" Ìbéèrè yẹn gan-an ló wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ kì í ṣe máàkì ló wà ńlẹ̀, ilé àbúrò mi ni, àti orúkọ ọmọ kan tí ò tíì mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Mo ti bi àbúrò mi àti ọkọ ẹ̀ léèrè kí n tó kọ èyí, àwọn méjèèjì ní kí n kọ ọ́, kí n má ṣáà dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ẹ̀.

Wọ́n ṣègbéyàwó ní 2021. Ṣọ́ọ̀ṣì ní kí wọ́n mú jẹnotáìpù wá, bí ṣọ́ọ̀ṣì púpọ̀ ṣe ń ṣe báyìí. Àbúrò mi mọ tiẹ̀, AS ni, ó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀ nígbà tó ń wọlé sí iléèwé gíga. Ọkọ ẹ̀, kápẹ́ńtà ni, ọwọ́ ẹ̀ mọ́ gan-an, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Adó, ó ní AA lòun, ó sì mú pépà kan wá tí wọ́n kọ AA sí. Gbogbo wa dúpẹ́. AS fẹ́ AA, kò séwu, wọn ò lè bí SS. Kò sẹ́ni tó bi í pé báwo lo ṣe débí. Èmi tí mo ń bi ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́, mi ò bi í.

Ọdún 2023, oṣù kẹta, wọ́n bí ọmọkùnrin. Ara ẹ̀ le, ó sanra, ó ń mu ọyàn bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Oṣù àkọ́kọ́ títí dé oṣù kẹfà, kò sí nǹkan kan. Nígbà tó di Kérésì, wọ́n gbé e lọ sí Ìkẹ́rẹ́ kí àwọn òbí ọkọ lè rí i dáadáa, Àǹtí wa àgbà, àbúrò bàbá wa obìnrin, náà wá láti Ìkọ̀lé, wọ́n gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n kọrin fún un, wọ́n sì padà sílé wọn lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kẹta, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ náà wú. Ó wú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ò ní rí egungun ọrùn-ọwọ́ ẹ̀ mọ́, ó sì ń ké igbe kan tí àbúrò mi ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ọmọ rí. Wọ́n fi epo pa á, wọ́n fi omi gbígbóná rà á, wọ́n gbàdúrà, ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù kan l'Ádó. Dókítà wo ọwọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan péré ló ti béèrè jẹnotáìpù bàbá àti ìyá. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, èsì dé, SS.

Bàbá ọmọ ò sí níbẹ̀ nígbà tí dókítà ń ṣàlàyé, ó wà níbi iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un, àbúrò mi ló fi fóònù sọ fún un pé "wọ́n ní SS ni o." Ó ní òun dákẹ́ lórí fóònù yẹn. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀ ló kó ẹrù ẹ̀ lọ sílé bàbá ẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pe ìpàdé.

Ní ìpàdé yẹn, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n sọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan mú tiẹ̀ wá, gbogbo ẹ̀ sì jọ pé ibì kan náà ni wọ́n ń lọ, ìyẹn ló jẹ́ kó le. Tọkọ lẹ ti gbọ́ yẹn. Ìkejì ni ti ìyá ọkọ. Màmá ò fẹ̀sùn àgbèrè kan ìyàwó wọn o, tiwọn ni pé àìsàn yìí ò sí ní ulé àwọn rí, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, "ní ulé wa", wọ́n ní ọmọ dé Ìkẹ́rẹ́ tara ẹ̀ le, ẹni kan gbé e pọ̀n, ọjọ́ kẹta ọwọ́ wú, wọ́n wá wo ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Pálọ̀ dákẹ́. Àǹtí wa tí wọ́n ń sọ yìí, opó ni wọ́n, wọn ò sí níbẹ̀ láti dá ara wọn láre. Ìkẹta ni ti àbúrò bàbá ọkọ, tiwọn kúrú, wọ́n ní ní 2022 tí àbúrò mi ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba l'Ádó, ó máa ń tó aago mẹ́sàn-án alẹ́ kó tó délé nígbà míì, ó sì máa ń wọṣọ dáadáa, "kí lobìnrin ilé ń wá níta láago mẹ́sàn-án?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, mi ò wá jà, ẹ jẹ́ kí n kọ ohun tí ọkọ wa sọ sílẹ̀ ká jọ wò ó. Wọ́n fún mi ní ìwé ọmọ iléèwé kan, mo kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀ ní lẹ́tà ńlá kí gbogbo èèyàn lè rí i. Bàbá kì í ṣe SS. Ìyá kì í ṣe SS. Ọmọ jẹ́ SS. Mo bi wọ́n pé èwo nínú ẹ̀ ni irọ́, wọ́n ní kò sí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sí, òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Mo wá fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, mo kọ "nítorí náà, ọmọ mi kọ́." Mo ní, Bọ̀dá, báwo lẹ ṣe débí?

Ó ní, "Àǹtí, ṣé kò yé yín ni? Àwa méjèèjì ò ní i, ibo ni ọmọ ti rí i?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti fo gọ́tà. Kó tó lè ti ìlà kẹta dé ìlà ìdáhùn, gbólóhùn kan ní láti wà láàárín tí ẹnikẹ́ni ò sọ síta, ìyẹn ni pé ẹni tí kì í ṣe SS ò lè bí SS. Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́, àmọ́ gbogbo èèyàn ti gbà á wọlé, òun ló sì ń mi orí wọn. Mo kọ gbólóhùn yẹn náà síbẹ̀. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ síta báyìí ẹ ó rí i pé irọ́ ni, torí àwọn AS méjì tí ara wọn dá ṣáká ló ń bí ọ̀pọ̀ SS tí à ń rí nílẹ̀ Yorùbá.

Mo ní kí wọ́n bá mi bu àgbàdo tí wọ́n fi ń bọ́ adìẹ wá, ti funfun àti ti pupa wà nínú ẹ̀, mo sì gbé abọ́ méjì. Mo ní ẹ jẹ́ ká pe funfun ní A, ká pe pupa ní S. Èèyàn kọ̀ọ̀kan ní hóró méjì, ọ̀kan látọ̀dọ̀ bàbá ẹ̀, ọ̀kan látọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀. Ẹni tó ní funfun kan pupa kan, AS nìyẹn, funfun yẹn tó o láti fi gbáyé, pupa yẹn kàn sinmi síbẹ̀ ni, ó lè di arúgbó ọgọ́rin ọdún kó má mọ̀ pé ó wà lára òun. Tó bá wá fẹ́ bímọ, ọ̀kan péré ló máa fún ọmọ, kì í ṣe òun ló máa yan èwo. Mo fi funfun kan pupa kan sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ti ìyá, ọ̀kan ti bàbá, mo ní kí ìyàwó àbúrò ọkọ dijú mú ọ̀kan nínú abọ́ ìyá, kó mú ọ̀kan nínú abọ́ bàbá. Ọ̀nà mẹ́rin ló lè gbà jáde: funfun àti funfun, funfun àti pupa, pupa àti funfun, pupa àti pupa. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni SS, abọ́ méjèèjì tó ti jáde ò sì ní pupa méjì nínú.

Bàbá ọkọ tí ò tíì sọ nǹkan kan látàárọ̀ ní, "Ó yé mi." Wọ́n gbé àga wọn sún mọ́ tábìlì.

Ìgbà yẹn ni ọkọ àbúrò mi wá sọ̀rọ̀ tó lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe jẹ́ torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo ohun tó sọ ni kò nítumọ̀. Ó ní, "Ó dáa, àmọ́ AA lèmi. Abọ́ tèmi ò ní pupa." Mo ní hẹn, ìyẹn jáde dáadáa o. Bó bá jẹ́ òótọ́ pé AA ni ẹ́, funfun nìkan lo lè fún ọmọ, ọmọ ẹ ò lè jẹ́ SS, ohun tó o sọ tẹ̀lé ara wọn. Màmá mi yíjú wò mí bíi pé mo ti ta wọ́n. Àmọ́ òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ yìí àti ti àkọ́kọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Ti àkọ́kọ́, gbogbo ohun tó dì mú ló jẹ́ òótọ́ àmọ́ kò gbé e dé ibi tó lọ. Tìkejì yìí, ọ̀nà ẹ̀ tọ́, ohun tó kù ni ká wò bóyá ohun tó dì mú jẹ́ òótọ́. Mo wá bi í, báwo lo ṣe mọ̀ pé AA ni ẹ́?

Ó kọ́kọ́ ní pépà. Mo ní ṣé wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹ kí wọ́n tó kọ pépà yẹn? Ó wo ilẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dáhùn, ó sì sọ òótọ́, mo yẹ́ ẹ sí títí dòní pé ó sọ ọ́ níwájú bàbá ẹ̀: wọn ò fa ẹ̀jẹ̀ kankan. Ó wá ẹnì kan rí ní láàbù kékeré kan, ó fún un lówó, ìyẹn kọ ọ́. Kò rò pé òun ń purọ́, ó ní òun mọ̀ pé AA lòun, kí ni ká tún máa fa ẹ̀jẹ̀ sí. Báwo ló ṣe mọ̀? "Ibà máa ń mú mi lọ́dọọdún, tójò bá ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ibà kì í mú AS, ẹ̀fọn kì í jẹ wọ́n."

Gbogbo nǹkan yìí, ìgbéyàwó, ọmọ, ẹ̀sùn, orí gbólóhùn yẹn ló dúró sí.

Mi ò mọ iye ẹni tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, kódà àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ń sọ ọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà nídìí ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń rìn jìnnà. Dókítà kan tó ń jẹ́ Anthony Allison ló kọ ọ́ jáde ní 1954, lẹ́yìn iṣẹ́ tó ṣe ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, pé ẹni tó bá ní hóró S kan ṣoṣo yẹn, ibà kì í rí i gbé ṣe tó bó ṣe ń gbé AA ṣe, àwọn tó wá tẹ̀lé e náà sì rí i bẹ́ẹ̀, pàápàá lórí ibà burúkú tó ń pa ọmọdé. Ìdí nìyẹn tí S fi pọ̀ lọ́dọ̀ wa níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, tó fi jẹ́ pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Àmọ́ "kì í sábà pa á" yàtọ̀ sí "kì í mú un." Ẹ̀fọn ò mọ jẹnotáìpù ẹnikẹ́ni kó tó jẹ ẹ́. AS ń ní ibà, ó ń ní in dáadáa. Àti pé ibà tọkọ wa ń sọ yìí gan-an, mo bi í pé ìgbà mélòó ló ṣe tẹ́ẹ̀sì ibà, ó ní kò ṣe é rí, ara á gbóná, egungun á máa ro ó, á mu àgbo, á sàn. Ara gbígbóná wá di ibà, ibà di "èmi kì í ṣe AS", ìyẹn di AA, AA di pépà, pépà di ọmọ mi kọ́. Ẹ wò bó ṣe rìn jìnnà tó, kò sì síbi kan tó ti bi ara ẹ̀ pé báwo ni mo ṣe débí.

Ti Màmá, ìyá ọkọ, mo fi sùúrù sọ ọ́ torí àgbà ni wọ́n, òwe tí wọ́n pa yẹn sì ti pẹ́ láyé ju gbogbo wa lọ. Mo ní Màmá, ó yé mi pé ẹ rí ohun kan ṣáájú ohun kejì. Àmọ́ ọmọ yìí, ọ̀pọ̀ nǹkan ló ṣáájú ọwọ́ wíwú ẹ̀. Ó wọ mọ́tò láti Adó. Ọyẹ́ mú gan-an l'ọ́sẹ̀ yẹn, òtútù òru Ìkẹ́rẹ́ lábẹ́ òkè Olósùnta yẹn ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ó pé oṣù mẹ́sàn-án. Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀yìn Àǹtí wa la mú nínú gbogbo ẹ̀? Àgbà náà ló ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mo wá sọ ohun tí dókítà sọ fún àbúrò mi fún wọn, pé ọmọ tuntun máa ń gbé irú ẹ̀jẹ̀ kan wá láti inú oyún, haemoglobin F ni wọ́n ń pè é, ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ká bíi dòjé, torí ẹ̀ ni ọmọ SS fi máa ń dà bí ọmọ tó dá ṣáká ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Tó bá ti ń lọ sí oṣù kẹfà, ẹ̀jẹ̀ inú oyún yẹn ti dín kù, ti àgbà ti rọ́pò ẹ̀, ìgbà yẹn ni fòníkú-fọ̀ladìde máa ń jáde, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wíwú ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ fi hàn. Ká ní Àǹtí wa ò kúrò ní Ìkọ̀lé lọ́dún yẹn, ọwọ́ yẹn á ṣì wú, bí kò bá ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, a jẹ́ òmíràn.

Ti àbúrò bàbá ọkọ, mi ò lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ lórí ẹ̀. Obìnrin tó bá ń ṣe ìṣekúṣe lè pẹ́ níta, òótọ́ ni. Obìnrin tó ń ta aṣọ l'Ọ́jà Ọba náà ń pẹ́ níta, obìnrin tí ò rí mọ́tò ń pẹ́ níta, nọ́ọ̀sì ń pẹ́ níta. Èèyàn ò lè ti ibi pípẹ́ rìn padà sí ìṣekúṣe bíi pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Àṣìṣe yìí ti pẹ́ o, ó ju 2,300 ọdún lọ tí Aristotle, ọ̀mọ̀ràn Gíríìkì yẹn, ti kọ̀wé lé e lórí, ó ní òjò máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ tutù, àwọn èèyàn bá rí ilẹ̀ tó tutù wọ́n á ní òjò ti rọ̀. Àpẹẹrẹ míì tó fi tì í nìyí: ó ní tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ẹnì kan ń ṣe àgbèrè, wọ́n á ní ṣebí ó ń ṣoge, ṣebí wọ́n ń rí i tó ń rìn lóru. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ ní Ìkẹ́rẹ́ gẹ́lẹ́. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i kà, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, mo jókòó pẹ́ kí n tó lè dìde.

A fẹnu kò pé kí ọkọ àti ìyàwó lọ fa ẹ̀jẹ̀ lọ́tun, ní ọsibítù ńlá, lójú ara wọn. Wọ́n ti gún iyán sílẹ̀ fún àlejò, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Ní Èkìtì, ẹ mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí.

Ọjọ́ Túsìdeé wọ́n lọ, ọ̀sẹ̀ kejì èsì dé: ìyàwó AS, ọkọ AS. A tún padà sí pálọ̀ kan náà. Bí wọ́n ṣe ka èsì tán, màmá mi fò dìde, wọ́n ju ọwọ́ sókè, "Ẹ ò rí i! Ọmọ ẹ ni! Èsì ti sọ pé ọmọ ẹ ni!" Ẹbí wa pátewọ́. Ọkàn mi fẹ́ pátewọ́ náà.

Àmọ́ kò sọ bẹ́ẹ̀. Èsì yẹn sọ pé bàbá yìí LÈ bí ọmọ SS pẹ̀lú ìyá yìí. Ó gba ẹ̀rí tí wọ́n mú wá lòdì sí àbúrò mi kúrò ńlẹ̀ pátápátá, kò sì ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí nínú ọkùnrin mẹ́rin tẹ́ ẹ bá pàdé lójú títì, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jẹ́ AS. Mo sì sọ ọ́ síta. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ohun tá a bá àwọn ará ibí jà lé lórí lọ́jọ́ sí, ẹ má jẹ́ ká ṣe é fún wọn báyìí torí pé ó gbè wá. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bàbá ọmọ, DNA ló ń sọ ìyẹn, jẹnotáìpù ò lè sọ ọ́. Ohun tí mo mọ̀ nípa àbúrò mi, mo mọ̀ ọ́n torí pé mo mọ àbúrò mi, kì í ṣe torí pépà yìí. Màmá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Wọ́n ní mo fẹ́ fi ìwé tí mo kà tú ilé ọmọ ìyá mi. Ó dùn mí o, mi ò ní sọ pé kò dùn mí, mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì tí mo bá délé. Àmọ́ tí mo bá gbà á lọ́jọ́ tó gbè wá, pẹ̀lú ojú wo ni mo fẹ́ fi kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí kò gbè wá?

Àbúrò mi gan-an ló yanjú ẹ̀. Ó ní bí ọkọ òun bá fẹ́ DNA, kó mú ọjọ́, òun á gbé ọmọ wá. Ọkọ ẹ̀ ní òun ò fẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá wa, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn, ó ní ìbẹ̀rù ló mú òun, nígbà tí wọ́n pe SS òun ò mọ ibi tí òun lè gbé e sí. Àbúrò mi ní òun ti gbọ́. Kò ní òun ti dárí jì í lọ́jọ́ yẹn, ó gbà á ní oṣù púpọ̀, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Nígbà táwọn èèyàn ń tú ká ni Màmá, ìyá ọkọ, fà mí lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi odó. Wọ́n ní, "Tíṣà, kí n bi ọ́." Wọ́n ní kí ọkọ àbúrò mi tó wáyé, àwọn bí méjì tó lọ. Ọ̀kan lo ọdún méjì, ọ̀kan ò tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ wọn máa ń wú. Wọ́n ní àbíkú ni wọ́n, ọmọ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀, wọ́n ṣe gbogbo ètùtù tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe. Orúkọ ọkọ àbúrò mi, tí gbogbo wa ti ń pè látìgbà tá a ti mọ̀ ọ́n, wà lára àwọn orúkọ tí wọ́n máa ń sọ ọmọ tí wọ́n ń bẹ̀ pé kó dúró, àwọn bíi Málọmọ́, Dúrósinmí, Kòsọ́kọ́, mi ò ní sọ èwo. A ti ń pe orúkọ yẹn láti àárọ̀ nínú pálọ̀ tí wọ́n ti ní àìsàn yìí ò sí ní ulé wọn rí.

Wọ́n ní, "Ṣé ohun tó pa wọ́n nìyẹn?"

Kò sí ìbéèrè tó tíì le fún mi báyẹn rí. Ọwọ́ wíwú wà níbẹ̀, ọmọ wọn tó yè jẹ́ AS, ọmọ-ọmọ jẹ́ SS, gbogbo ẹ̀ ń fa ọwọ́ mi síbì kan. Àmọ́ kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ yẹn wò, nǹkan púpọ̀ ló sì ń pa ọmọdé nígbà yẹn, ilẹ̀ ti tutù, mi ò sí níbẹ̀ nígbà tó tutù. Mo ní, "Màmá, ó lè jẹ́ òun. Mi ò lè sọ pé òun ni." Wọ́n mi orí, wọ́n ní kò burú, wọ́n sì ní kí n bá àwọn bẹ Àǹtí wa ní Ìkọ̀lé, àwọn fúnra àwọn á wá bẹ̀ wọ́n tó bá yá. Wọ́n lọ lóòótọ́, oṣù kẹta, wọ́n gbé iṣu mẹ́fà dání.

Ọmọ náà ń gba ìtọ́jú. Folic acid lójoojúmọ́, penicillin lójoojúmọ́, oògùn tí ò ní jẹ́ kí ibà mú un, omi púpọ̀, àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó móoru tí ọyẹ́ bá dé, dókítà sì ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ nípa hydroxyurea, oògùn kan tí wọ́n ń lò fún fòníkú-fọ̀ladìde. Ó ti ń sáré. Wọ́n ti dá a dúró ní wọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìgbà yẹn, bàbá ẹ̀ ló sùn tì í lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, bàbá ọmọ wá sílé mi l'Ádó, òun nìkan. Ó jókòó, kò fẹ́ mu nǹkan kan. Ó ní, "Àǹtí, dókítà ní ọ̀kan nínú mẹ́rin. Ọ̀kan ti dé yìí. Ṣé ó ti kúrò lọ́rùn wa nìyẹn, mẹ́ta tó kù á mọ́?"

Mo mọ ìdí tó fi ń béèrè, mo rí i lójú ẹ̀ bó ṣe fẹ́ kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò dá a lóhùn. Mo lọ sí kíṣìnnì, mo bu àgbàdo, mo gbé abọ́ méjì wá, funfun kan pupa kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ní kó dijú kó mú. Pupa àti pupa ló kọ́kọ́ jáde. Ó mí kanlẹ̀, ó kó méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí tábìlì, ó ní, "Ó dáa, ìyẹn ti jáde." Mo ní rárá, dá wọn padà. Ó ní kí ló dé? Mo ní torí pé oyún kejì, inú abọ́ kan náà lẹ ó ti mú un, hóró tẹ́ ẹ fún ọmọ àkọ́kọ́ ò kúrò lára yín, abọ́ ò sì mọ ohun tó ti jáde nínú ẹ̀ rí. Ó wo hóró méjì yẹn títí. Ó dá wọn padà, ọ̀kan ọ̀kan, ó mi abọ́, ó dijú, ó mú: funfun àti pupa. Ó tún dá a padà. Ó ṣe é tó ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò jẹ́ kí n bá a kà á, ó ń fi bírò fa ìlà sẹ́yìn ìwé ìpè ìgbéyàwó kan tó wà lórí tábìlì, pupa méjì sì tún jáde lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra wọn níbì kan láàárín. Ó dákẹ́. Ó ní kí n bá òun wá ọjọ́ tí òun àti ìyàwó òun lè jọ lọ rí dókítà, kí ó ṣàlàyé àwọn àyẹ̀wò tí wọ́n lè ṣe nínú oyún fún àwọn, lójú àwọn méjèèjì lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní ó dáa. Ó mú hóró tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó dá a padà sínú abọ́, ó tún dijú.